Ògbólógbòó Ọkọ̀ Jíìpù: Wàhálà Rẹ̀ àti Adùn Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka ọ̀rọ̀ yìí sí àwàdà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú sí i yóò rí i pé ìyìn ni a fi fún ohun tí ó ti pẹ́. Aṣọ tí ó di àkísà ti rí òjò, ó ti rí oòrùn, ó sì ti bá ẹni tí ó ni ín la ọjọ́ púpọ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nípa ọkọ̀ jíìpù àtijọ́, èyíinì ni irú ọkọ̀ tí a ṣe láti máa rin ẹrẹ̀, iyanrìn, àpáta àti ọ̀nà oko. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ ní ohun tí yóò máa mú un bínú ní òwúrọ̀, tí yóò sì máa mú un rẹ́rìn-ín ní ìrọ̀lẹ́. Kí ni ó dé tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n lè tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin kí wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà? Ìbéèrè yìí yẹ ní wíwádìí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ irú èyí tí ó lókìkí jù láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni Land Rover. Maurice Wilks, ẹni tí í ṣe olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá ọgbọ́n rẹ̀. Wilks ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, ó sì ń fi ọkọ̀ Jeep, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi jagun, ṣe iṣẹ́ oko náà. Ó rí i pé ọkọ̀ náà wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbó, kò sì rí òmíràn tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe gbèrò ní ọdún 1947 pé kí ilé iṣẹ́ òun ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han gbogbo ayé ní ìlú Amsterdam.

Ogun ńlá tí ó parí ní ọdún 1945 ti mú kí irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, pọ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì fi irin ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣaásì. Ohun tí ọ̀wọ́n irin fà ni ó wá di àǹfààní fún un, nítorí pé alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a bí ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni ìpẹtà ti jẹ tán, nígbà tí òun ṣì wà láàyè.

Nígbà tí ọkọ̀ yìí jáde, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe àkóso Nàìjíríà, ọ̀nà ọlọ́dà kò sì pọ̀. Ọ̀nà tí ó jẹ́ eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun kan náà ni ó ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, àwọn ọlọ́pàá, àti àwọn tí ń la ọ̀nà ni ó ń fi Land Rover ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè yìí gba òmìnira ní ọdún 1960, ìjọba kò dẹ́kun lílò wọn. Nígbà tí wọ́n bá gbó, ìjọba a tà wọ́n ní gbàǹjo. Ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú wọn gbà dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò.

Ohun kan wà tí a fi ń dá èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn mọ̀. Kí ó tó di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà lójú ọ̀nà ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún inú ọkọ̀ sì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún náà ni ìjọba yí i padà, tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Bí a kò bá yí ìdarí ọkọ̀ kan padà láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ kòtò ọ̀nà ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí lónìí. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ àjàgbé sílẹ̀, kò lè rí iwájú, àfi bí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá bá a wò ó. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èrò iwájú kò gbọdọ̀ sùn, nítorí pé ojú tirẹ̀ ni awakọ̀ fi ń ríran.

Ìwà ọkọ̀ àtijọ́ kò jọ ti ọkọ̀ ìwòyí rárá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìwòyí lọ́wọ́ lè wà á lọ. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó Land Rover dà bí àgbà tí ó ní èèwọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èèwọ̀ rẹ̀ kò lè bá a gbé. Èèwọ̀ kìíní wà nínú jíà. Nínú àwọn tí a ṣe kí ọdún 1971 tó dé, jíà kìíní àti ìkejì kò ní ohun èlò tí ń mú kí eyín wọn yí bára mu kí wọ́n tó wọ inú ara wọn. Awakọ̀ tí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti jíà kẹta sí ìkejì ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó fa jíà sí àárín, kí ó fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ó fún ẹ́ńjìnnì ní epo díẹ̀, kí ó tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó tó wá fi jíà sí ìkejì. Bí ó bá kánjú, eyín jíà yóò ké bí ìgbà tí ayùn bá ń rẹ́ irin, gbogbo ará àdúgbò yóò sì mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ àlejò.

Èèwọ̀ kejì ni ti ọwọ́ tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Ihò kan wà níwájú ọkọ̀ náà tí a ń ti irin gígùn bọ̀, kí a lè fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi jí nígbà tí bátìrì bá kú. Ohun ìṣògo ni èyí jẹ́, nítorí pé bí bátìrì ọkọ̀ ìwòyí bá kú, àfi kí oní-ín wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lo irin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa bíréèkì ọwọ́, kí ó rí i dájú pé ọkọ̀ kò sí nínú jíà kankan, kí ó sì kó àtàǹpàkò pọ̀ mọ́ àwọn ìka yòókù ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì lè ta padà lójijì. Àtàǹpàkò tí ó bá wà ní òdìkejì irin náà lè ṣẹ́.

Ní ti àwọn àléébù kéékèèké, wọn kò lóǹkà. Òjò a máa gba ẹnu ìlẹ̀kùn wọlé. Ìlẹ̀kùn kékeré méjì wà lábẹ́ dígí iwájú tí a ń ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ṣùgbọ́n eruku kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ nìkan dá wọlé. Ìdarí rẹ̀ wúwo lọ́wọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì àti ti jíà sì máa ń pọ̀ débi pé àwọn èrò inú rẹ̀ ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Bí ó bá sùn síbì kan mọ́jú, kì í pẹ́ kí epo dúdú tó kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ní in kì í fi èyí dààmú. Wọ́n ní ọjọ́ tí epo kò bá kán mọ́ ni kí ènìyàn bẹ̀rù, nítorí pé ó lè jẹ́ pé kò sí epo nínú rẹ̀ mọ́.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè lóye adùn ọkọ̀ yìí, ó yẹ kí ó mọ bí agbára rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí, àwọn ẹsẹ̀ méjì yòókù kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Bí ẹsẹ̀ tí ó ní agbára bá rì sínú ẹrẹ̀, yóò máa yí lójú kan, yóò sì máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Nínú Land Rover àtijọ́, awakọ̀ lè pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn nígbà tí ó bá wù ú. Ọ̀pá kékeré tí orí rẹ̀ pọ́n bí òróró ni a ń tẹ̀ sílẹ̀ fún èyí. Ọ̀pá kejì, tí orí rẹ̀ pupa, ni ó ń fi ọkọ̀ sí ipa tí kò yára ṣùgbọ́n tí ó lágbára. Nínú ipa náà, ẹ́ńjìnnì yóò yí lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo ti ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà yóò máa rọra fà títí yóò fi jáde.

Ṣùgbọ́n agbára tí kò ní ọgbọ́n a máa pa oní-ín lára. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gbẹ, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn so pọ̀. Bí ènìyàn méjì bá ru pákó gígùn kan, tí wọ́n fẹ́ yà ní kọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ẹni iwájú yóò rìn gùn ju ti ẹni ẹ̀yìn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀: nígbà tí ó bá ń yà, ẹsẹ̀ iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí wọ́n bá so pọ̀, wọ́n yóò máa bá ara wọn jà. Nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ lè yọ̀ díẹ̀ kí ìjà náà parí. Lórí ọ̀dà, kò sí ibi tí ó lè yọ̀ sí, jíà ni yóò sì gba ìyà náà. Ọ̀pọ̀ jíà ni àìmọ̀ yìí ti fọ́.

Ibi tí a ti ń rí àtúnṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé Àlàbá Rágò, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáìkó. Rágò, èdè Hausa ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àgbò. Òwò àgbò tí àwọn Hausa ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fún ibẹ̀ lórúkọ, ó sì yàtọ̀ sí Àlàbá kejì tí ó lókìkí fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbò nìkan ni a fi mọ Àlàbá Rágò nígbà náà. A ti mọ̀ ọ́n rí mọ́ òwò àlòkù irin pẹ̀lú. Agbègbè Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọdún 1975. Ilé iṣẹ́ náà ti dẹ́kun iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn oníbọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀.

Níwájú oníṣòwò àlòkù irin, ọ̀nà méjì ni ó wà fún ògbólógbòó ọkọ̀. Ọ̀nà kìíní ni ti òṣùwọ̀n. A ó tú u palẹ̀, a ó ya irin sọ́tọ̀, a ó ya alumíníọ̀mù sọ́tọ̀, a ó sì wọ̀n wọ́n tà. Irin yóò lọ sínú iná ìléru, yóò sì padà wá bí ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Alumíníọ̀mù yóò bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń yọ́ ọ rọ ìkòkò, ìlẹ̀kùn tí ọlọ́pàá ń ṣí wọlé láyé àtijọ́ yóò sì di ìkòkò tí ìyàwó ilé fi ń se ìrẹsì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí pé irin tí a tún yọ́ sàn ju irin tí ó ń jẹrà nínú igbó lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti àjíǹde. Ẹnìkan tí ó ní irú ọkọ̀ náà, tí ẹ̀yà kan ti fọ́ lára tirẹ̀, yóò fi aṣọ di ẹ̀yà náà, yóò sì gbé e wá sọ́jà.

“Mállàm, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ẹ ní irú èyí?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ó lè wà, ṣùgbọ́n ẹ ó ní sùúrù. Abẹ́ àwọn yòókù ni yóò wà.”

Wọn yóò tú òkìtì irin náà títí ọwọ́ wọn yóò fi dúdú. Bí wọ́n bá rí i, ayọ̀ ẹni tí ó wá a kì í kéré. Ohun tí òṣùwọ̀n ì bá sọ di kílò díẹ̀ ti di ẹ̀mí fún ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò gba ìwé owó lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, kí ó má baà jẹ́ pé ohun tí olè jí ni ó fi owó rẹ̀ rà.

Ní agbègbè yìí, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun àti ọ̀rinrin ọ̀sà jẹ́ ọ̀tá ńlá fún ọkọ̀. A ti wí pé alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n níbi tí òun àti irin bá ti fara kanra, tí omi iyọ̀ sì wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ, tí yóò sì di ẹ̀tù funfun. Nítorí náà ni mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ fi ń kun àárín wọn ní ọ̀dà, tàbí kí ó fi rọ́bà là wọ́n láàárín. Ṣaásì náà a máa jẹrà láti inú, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Òòlù kékeré ni a fi ń dán an wò: ibi tí ó ṣì le yóò dún gbọnmọgbọnmọ, ibi tí ó ti jẹrà yóò dún bọ́ọ́bọ́ọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá kọ́ láti gbọ́ ìyàtọ̀ yìí ti ní ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó jẹ èrè jù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Nínú ọkọ̀ ìwòyí, kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ ohun tí ó ṣe ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tí ń bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ yóò kàn máa wò ó ni. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ àtijọ́, ojú ni a fi ń rí i, etí ni a fi ń gbọ́ ọ, ọwọ́ ni a sì fi ń tún un ṣe. Ọmọ tí ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ tí ó sì tò ó padà ti mọ ìdí tí epo fi ń jó, ìdí tí omi fi gbọ́dọ̀ wà nínú rádíétọ̀, àti ìdí tí eyín jíà kékeré fi ń yí eyín ńlá. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí kan náà ni ọkọ̀ ìwòyí dúró lé.

Adùn mìíràn ń bọ̀ nígbà òjò. Nígbà tí omi bá bo àwọn òpópónà inú Òkókómáìkó, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké bá dúró sójú kan, ògbólógbòó jíìpù yóò rọra la àárín wọn kọjá. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ wà nínú adùn náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu dípò afẹ́fẹ́, yóò fọ́ láti inú. Bíréèkì tí omi bá sì wọ̀ kì í mú bí ó ti yẹ. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ bá jáde kúrò nínú omi, ó gbọ́dọ̀ rọra máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kí ó tó sáré.

Kò yẹ kí ìfẹ́ ohun àtijọ́ fọ́ ènìyàn lójú. Owó tí ó ń lọ sórí rẹ̀ kò kéré. Ọkọ̀ náà a máa mu epo púpọ̀, láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù, ìnira náà ti pọ̀ sí i. Bí èéfín rẹ̀ bá dúdú, ó ń ba afẹ́fẹ́ tí gbogbo ará àdúgbò ń mí jẹ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀mí. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, tí ṣaásì rẹ̀ ti jẹrà, tàbí tí táyà rẹ̀ ti sán, kì í ṣe ohun ìṣògo mọ́, pàkúté ni. Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 kì í bi ọkọ̀ léèrè bí orúkọ rẹ̀ ti lókìkí tó. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó yẹ ní rírìn lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ní owó láti tún bíréèkì ṣe kò gbọdọ̀ rí owó ra ọ̀dà tí yóò fi kun ara ọkọ̀. Nígbà tí àtúnṣe bá sì ti ré kọjá agbára oní-ín, ó sàn kí ó tà á, kí ẹ̀yà ara rẹ̀ gba ọkọ̀ mìíràn là, ju kí ó fi í gbé ọmọ ẹlòmíràn lọ sí ìparun.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n parí èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìran àwọn ọkọ̀ yìí ní ilé iṣẹ́ wọn ní Solihull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye tí wọ́n ṣe láti ọdún 1948 lé ní mílíọ̀nù 2. Ohun tí ó mú kí díẹ̀ nínú wọn ṣì máa rìn ní ilẹ̀ wa kì í ṣe agbára irin nìkan, bí kò ṣe ìtọ́jú. Ọkọ̀ tuntun tí a kò tọ́jú yóò gbó kí ọdún márùn-ún tó pé. Èyí tí a ń yọ epo rẹ̀ lásìkò, tí a ń nu ara rẹ̀, tí a sì ń tètè tún àléébù rẹ̀ ṣe, lè dàgbà ju ẹni tí ó rà á lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí nípa ọkọ̀ yóò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú nípa ìwé rẹ̀, nípa ilé bàbá rẹ̀, àti nípa ọ̀nà àti afárá tí gbogbo ìlú jọ ń lò.